Àdá Tí Kò Gé Koríko

Bí ẹ bá dé Òsí lónìí tí ẹ sì béèrè Bàbá Ọpẹ́, wọn yóò bi yín pé, "Ṣé èyí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀?" Ọdún méjì sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó jẹ́ júwe rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ìjọ ni nígbà náà, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá ń ka Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ á máa mi fèrèsé. Gbogbo ìyẹn ti lọ. Ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ló wá di orúkọ rẹ̀. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó lára èèyàn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ebenezer Ògúnjìnmí ni wọ́n sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ iṣu lọ sí Kánò àti Màídúgùrì, ojú ọ̀nà yẹn ló sì ti kọ́ sìgá. Awakọ̀ tí kò bá fẹ́ kí oorun gbé òun wọgbó gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi sẹ́nu. Àwọn kan ń jẹ obì, Ebenezer fi iná sí sìgá. Nígbà tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó padà wálé, ó rò pé sìgá á dúró sí Kánò. Sìgá kò dúró. Ó tẹ̀ lé e wá sí Òsí bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Òsí kì í ṣe Kánò. Nínú ìjọ tiwọn, àgbà tí wọ́n bá rí sìgá lẹ́nu rẹ̀, kó yáa wá ìlú mìíràn gbé. Ebenezer fi tirẹ̀ pamọ́. Ilé adìyẹ kan wà nísàlẹ̀ àgbàlá rẹ̀ tó ti wó ku ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń lọ. Á fà á tán, á jẹ orógbó, á lá tọ́mtọ́m lé e, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, á wá jáde bí áńgẹ́lì. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀, lójú tirẹ̀, ni Munawwarah, obìnrin tó ní ìsọ̀ kékeré ní oríta ọ̀nà Ìlọ́fà. Orógbó ni Ebenezer máa ń ní òun wá rà. Munawwarah á di orógbó sínú bébà, á sì fi ohun tó kù sáàárín rẹ̀.

Ìgbà tó yá, wọ́n fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Wọ́n bá páálí sìgá lápò Jonah ọlọ́kadà, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, Ebenezer ló sì dìde ka ìdájọ́ sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ. Oṣù mẹ́fà ni Jonah kò gbọdọ̀ fi wọ aṣọ akọrin. Ohùn náà mi fèrèsé lọ́jọ́ yẹn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orógbó sì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ bó ṣe ń kà á.

Jonah sunkún, Jonah sì fi sìgá sílẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé ó tún ń dúpẹ́. Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, bàbá ọmọ mẹ́ta, ibikíbi tó bá ti rí Bàbá Ọpẹ́, á gbé ọ̀kadà rẹ̀ dúró, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà mí lọ́wọ́ sìgá. Olúwa á san án fún yín." Ebenezer á ní àmín. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Ẹsẹ̀ òsì ló kọ́kọ́ figbe ta. Tó bá rìn díẹ̀, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ á le koko, á máa dùn ún bí ẹni ń fún aṣọ. Tó bá dúró, á rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni egbò kékeré kan yọ níka ẹsẹ̀ tó kéré jù, tí kò jinná láti Kérésìmesì títí di Àjíǹde. Ó sọ fún Adépéjú ìyàwó rẹ̀ pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ awakọ̀ kan ní Ìlọrin. Ilé ìwòsàn ló lọ.

Dókítà tó rí níbẹ̀ kò ju ọmọ bíbí rẹ̀ lọ. Abdulkareem ni wọ́n ń pè é. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń fa sìgá?" Ebenezer kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Sìgá ti fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ yìí pa," ni dókítà wí. "Bí ẹ kò bá fi í sílẹ̀, gígé la máa gé e. N kò dẹ́rù bà yín, òótọ́ ni mo ń sọ. Màá fún yín lóògùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín lèyí tó tóbi jù wà. Ẹ máa rìn. Ẹ rìn títí á fi dùn yín, ẹ dúró kó rọlẹ̀, ẹ tún rìn. Lójoojúmọ́."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ni kí n máa fi rìn?"

"Òun gan-an. Ẹ̀jẹ̀ á wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ìrìn náà á sì tún ṣe iṣẹ́ kejì fún yín. Bí sìgá bá pè yín, ẹ má jókòó dè é. Ẹ dìde, ẹ jáde, ẹ rìn kíákíá. Ìpè rẹ̀ kì í pẹ́ lọ títí. Kó tó di pé ẹ padà délé, á ti rọlẹ̀."

Ebenezer fi ọ̀rọ̀ yìí sínú títí ó fi délé. Kò sọ nǹkan kan fún Adépéjú, nítorí bó bá sọ ti ẹsẹ̀, wọ́n á bi í pé kí ló fà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ṣe àmín àdúrà òwúrọ̀ ni sìgá pè é. Ó wọ bàtà, ó jáde sí ọ̀nà Ìlọ́fà. Wọ́n ti ri òpó iná sí ọ̀nà yẹn ọjọ́ ti pẹ́. Iná kì í sábà wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dára fún kíkà. Ó dé òpó kẹrin kí ẹsẹ̀ tó dá a dúró. Nígbà tó dúró tó ń mí, ó wá inú ara rẹ̀ fún sìgá, kò bá a níbẹ̀. Ẹnu yà á.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ta ló ń fọwọ́ lásán rìn ní Òsí? Ọwọ́ lásán, àárọ̀ kùtù, àgbà ọkùnrin tó ń tiro! Ilé kìíní ní, "Bàbá Ọpẹ́, ṣé kò sí o?" Ilé kejì ní, "Ẹ kú ùrìn o, ta ló kú?" Ó ní kò sẹ́ni tó kú, òun kàn ń rìn ni. "Ẹ kàn ń rìn lọ síbo?" Àwọn ọlọ́kadà ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Bàbá, ẹ gùn ún, ọ̀fẹ́ ni." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Nígbà tó kọ̀ fún ẹni kẹrin, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ọjà pé inú ń bí Bàbá Ọpẹ́ sí ìlú. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa rìn. Wọ́n mi orí. Ẹsẹ̀ tó ń dunni, ṣé ìsinmi kọ́ loògùn rẹ̀ ni?

Ló bá lọ ra àdá. Àdá tuntun. Ó gbé e lé èjìká láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì jáde. "Bàbá, ibo nìyẹn?" "Oko ni." "Ẹ óò bá a pé o." Ó parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló di gbogbo ẹnu. Ẹni tó ń lọ sóko kò jẹ ẹnikẹ́ni lálàyé, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lógún ọdún tó ti yọ̀ǹda oko bàbá rẹ̀ fún ìbátan. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n tó dá yìí. Ọgbọ́n àgbà awakọ̀ ni, ẹni tó ti fi oríṣiríṣi irọ́ kọjá níwájú ọlọ́pàá.

Oṣù márùn-ún ló fi gbé àdá yìí kiri. Sìgá mẹ́wàá lójúmọ́ di mẹ́fà, mẹ́fà di méjì. Ìpè ọ̀sán ló le jù, èyí tó máa ń dé lẹ́yìn oúnjẹ, oòrùn ọ̀sán gangan sì máa ń gbóná lórí rẹ̀ bó ṣe ń tiro láti òpó dé òpó tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Òpó kẹfà. Òpó kẹsàn-án. Egbò ìka ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Lọ́jọ́ tó dé òpó kọkànlá láìdúró, ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí ẹnu rẹ̀ ti kan sìgá gbẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ ti òpó náà, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin tí kò sunkún níbi òkú ìyá rẹ̀.

Nígbà tó ń padà, Munawwarah kí i láti inú ìsọ̀. "Bàbá, ẹ ti pa mí tì o."

"Orógbó ti sú mi ni," ni Ebenezer wí.

Obìnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má padà wá mọ́ o. Ọjà mìíràn pọ̀ tí mò ń tà."

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n sin òkú ìyá àgbà kan ní Òkè-Ọ̀pin, gbogbo àwọn ọmọ tó wà ní ìlú ńlá sì wálé. Ọpẹ́yẹmí, ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí Ebenezer, wá láti Ìbàdàn. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ níbi ìnáwó òkú yìí ni àgbà obìnrin kan ti fà á lápá. "Ọpẹ́, ùyà ń jẹ bàbá rẹ o. Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló padà sóko. Àdá ló ń gbé léjìká lójoojúmọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni, àbí ẹ ò lówó?"

Ẹni tó bá mọ ọmọ Òsí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ju ìgbájú lọ. Ọpẹ́yẹmí kò jẹun mọ́. Ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sunkún, wọ́n bú ara wọn. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ra ọ̀kadà tuntun. Jonah ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́: kó máa fi ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, ibi tí Bàbá bá ń lọ, òun ni kó gbé e. Wọ́n gbé ọ̀kadà náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n fi rìbọ́n sí i lọ́rùn, àlùfáà gbàdúrà sí i. Gbogbo ìjọ dìde.

Ebenezer gbìyànjú. Ẹ má sọ pé kò gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi yẹn, bí wọ́n ṣe jókòó sílé kí wọ́n tó lọ sí ìsìn, ó ní, "Ọpẹ́, dókítà ní kí n máa rìn."

"Dókítà ní kí ẹ máa rìn lọ roko, bàbá mi? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Kì í ṣe oko..." Ó dákẹ́ síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe oko, kí wá ni àdá ń ṣe léjìká rẹ̀? Bó bá sọ ohun tí àdá ń ṣe, á sọ ohun tó ń sá fún. Jonah jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ akọrin rẹ̀, ó ń fi àkísà nu ọ̀kadà tuntun. Adépéjú ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

"Kì í ṣe oko ńlá," ni Ebenezer wí. "Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Wàá rí èrè tìẹ náà."

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kó tó di pé ó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ láàárọ̀, fèrè ọ̀kadà á ti dún níta, Jonah á sì ké pẹ̀lú ohùn orin rẹ̀: "Bàbá, ẹsẹ̀ yín ti dé o!" Ẹ̀rín ni fún gbogbo àdúgbò. Bó bá ní òun fẹ́ rìn, Jonah á fẹ́ sunkún: "Bàbá, kí ni n óò sọ fún Àǹtí Ọpẹ́? Wọ́n á ní mo gba ọ̀kadà, mo pa bàbá wọn tì." Bó bá yọ́ jáde ní ọ̀nà ẹ̀yìn, Adépéjú á ní, "Bàbá Ọpẹ́, ẹ jókòó sí ulé. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa bú ọmọ yín ni?" Àdá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ní iṣẹ́ mọ́.

Sìgá kò sì yéé pè é. Ó ń pè é lẹ́yìn àdúrà, ó ń pè é lẹ́yìn oúnjẹ, ọkùnrin náà á sì jókòó síbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí eékún. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi jìjàkadì jókòó. Lọ́jọ́ kejìlá, lójú ọ̀nà ìpàdé ìjọ, ó fọwọ́ kan Jonah léjìká ní oríta. "Dúró fún mi, mo fẹ́ ra orógbó."

Munawwarah rí i tó ń bọ̀. Kò kí i. Ó wo Jonah tó ń súfèé orin lórí ọ̀kadà. "Bàbá, ẹ tún padà?"

"Dì í fún mi."

Ó dì í. Ìdúró kan náà di ti ojoojúmọ́, Jonah sì rò pé orógbó ń ṣe Bàbá lóore. Méjì di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́wàá. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ebenezer dé ibi pé, nígbà kan tí Jonah rìnrìn àjò lọ sí Odò-Ọwá, ó yọ́ lọ wo àwọn òpó rẹ̀. Kò dé ìkẹta. Nígbà tó kù díẹ̀ kí òjò ọdún náà dáwọ́ dúró, egbò ìka ẹsẹ̀ ya, ìka náà dúdú, òórùn rẹ̀ sì ju ti sìgá lọ. Wọ́n gbé e dé Ìlọrin lójú ọ̀nà tí omi ti jẹ, ó ń ké ní gbogbo kòtò.

Dókítà Abdulkareem mọ̀ ọ́n. Ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀, ó tún bò ó padà. "Bàbá, ṣebí mo ní kí ẹ máa rìn?"

"Mo rìn, dókítà," ni Ebenezer wí. "Mo rìn títí wọ́n fi ra ọ̀kadà fún mi."

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú bàbá náà, ẹ̀rín náà gbẹ. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún lọ́jọ́ kejì, dókítà sì sọ fún un pé bó bá tún ń fa sìgá, èyí tó kù á tẹ̀ lé èkejì lọ.

Ọyẹ́ ti mú dáadáa nígbà tí ọ̀rọ̀ àdá tún jáde. Ebenezer jókòó lójú ilé, ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì bọ abíyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Koríko ti bo ẹ̀yìn ilé, Adépéjú sì rí ejò níbẹ̀. Ó wọlé lọ mú àdá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde sínú oòrùn, ó dúró. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi kùn ún níbi tí wọ́n ti rọ ọ́ ṣì wà lára rẹ̀ láìhó. Bébà tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá Ọpẹ́," ó ní, "àdá yìí kò gé koríko rí."

Ebenezer fa ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra.

"Oṣù márùn-ún lẹ fi ń gbé e lọ. Oko ta ni?"

Ó wo ọ̀nà. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wà. Kí ló tún kù tó ń fi pamọ́, àti nítorí ta ni? "N kò lọ sí oko kankan," ó ní. "Sìgá ni mò ń sá fún." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: Ìlọrin, dókítà, àwọn òpó, ọjọ́ tó dé òpó kọkànlá, ìdájọ́ Jonah, orógbó. Ó sọ ọ́ láìgbójú sókè. Ó ń retí igbe.

Adépéjú jókòó sí àtẹ̀gùn, ó gbé àdá sórí itan. "Mo mọ̀ pé ẹ ń fa sìgá," ó ní.

"Ta ló sọ fún ọ? Munawwarah?"

"Ta ló ń fọ aṣọ yín? Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ kí n tó bí Ọpẹ́. Mo ní ọkọ mi ni, bàbá ìjọ ni, kí n bo àṣírí rẹ̀." Ó fi èékánná ha bébà ara àdá. "Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹ ń sá fún un. Ká ní mo mọ̀ ni, Bàbá Ọpẹ́, èmi ni ǹ bá máa bá yín rìn."

Ibi tí wọ́n jókòó sí nìyẹn títí fèrè fi dún níta. Jonah ló wá gbé e lọ sí ìpàdé ìjọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà, Jonah kì í ké ohun tó máa ń ké tẹ́lẹ̀ mọ́. Fèrè nìkan ló ń fun, á sì máa wo ilẹ̀.

Adépéjú dìde. "Jonah, máa lọ. Bàbá ń fẹsẹ̀ rìn lónìí."

Jonah wo ìyá náà bí ẹni pé orí rẹ̀ dàrú. Adépéjú kò wo ibi tó wà. Ó ti àdá sí ògiri, ó kó ọ̀pá méjèèjì fún ọkọ rẹ̀, ó sì di ìdí aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Igi máńgòrò tó wà lójú ilé kò jìnnà, ọmọdé á sáré débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbà wọ́n tó ìgbà tí èèyàn fi ń kọ orin ìwé kan tán. Òógùn bo Ebenezer nínú ọyẹ́. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó gbé èjìká ti igi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ṣì ń pè yín?"

"Ó ṣì ń pè mí."

"Ó dáa," ni Adépéjú wí. "Ẹ yí padà, ká tún rìn."